Wáyà Tí Ọ̀gá Fọwọ́ Ara Ẹ̀ Gé

Ẹ wò ó, kí ni mo tiẹ̀ ṣe gan-an? Èmi kọ́ ni mo gé wáyà. Èmi kọ́ ni mo pààrọ̀ kíránkì sẹ́nsọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lára mọ́tò kan ṣoṣo. Àmọ́ èmi ni wọ́n ní kí n kó irinṣẹ́ mi kúrò nílẹ̀.

Iná mọ́tò ni mò ń ṣe. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, mi ò ṣe fìrídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, torí náà kò sí yáàdì tó fẹ́ gbà mí. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ìyànà Ìbà nìkan ló fún mi láyè lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Òfin kan ló fún mi: "Tí kọ́sítọ́mà mi bá wà ńlẹ̀, pa ẹnu ẹ dé." Mo ní yẹs sà. Tí mo bá pàdánù ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ títì ló kù.

Ìyá kan wà tó ń fi bọ́ọ̀sì kékeré kó ọmọ iléèwé láti Ajangbadi lọ sí Ìjanikin. Mọ́tò wọn á kàn kú lójijì lórí ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì, tírélà lẹ́yìn, àwọn ọmọ nínú ẹ̀. Tó bá yá, á tún sitáàtì. Sikánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ mọ́tò wò, ní kíránkì sẹ́nsọ̀ ni, nǹkan kékeré tó ń sọ fún ọpọlọ mọ́tò pé ẹ́ńjìnì ti ń yí. Ọ̀gá pààrọ̀ ẹ̀, pààrọ̀ ẹ̀, ó sú u. Ó ní àfi kí àwọn sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi o. Ibi tí mo ti ń jẹun nìyẹn."

"Mọ́mì, ẹ́ńjìnì yín ti gbó ni."

Ó ní kí n yọ bátìrì, ló bá lọ kírun. Mo yọ ọ́. Mo wá fi mítà wo sẹ́nsọ̀, kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo tú wáyà ẹ̀ lápá méjèèjì, mo ń dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Mítà ń ké, ìyẹn ni pé wáyà ò já. Mo mi ọ̀kan báyìí, mítà dákẹ́. Mo tọ wáyà yẹn lọ, ló bá yà wọ abẹ́ síìtì dẹ́rẹ́bà, síbi síwíìsì kan tó ti dípẹtà. Síwíìsì olè, èyí tí wọ́n fi ń pa mọ́tò kí olè má bàa wà á lọ! Wọ́n kàn lọ́ wáyà pọ̀, wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé e.

"Mọ́mì, ta ló ṣe èyí?"

"Ọ̀gá yín náà ni. Wọ́n jí mọ́tò aládùúgbò mi gbé nígbà yẹn. Mo tiẹ̀ ti gbàgbé."

Ọ̀gá dé, omi àlùwàlá ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó rí síwíìsì lọ́wọ́ mi. Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ má dá a lóhùn, ọmọ orí fóònù ni. Ẹ́ńjìnì ń bọ̀ nílẹ̀ lọ́la."

Inú bí mi! "Ọ̀gá, wáyà tẹ́ ẹ fọwọ́ yín gé ló ń pa mọ́tò. Ọ̀rá yín rèé!"

Mo yọ síwíìsì dànù, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pọ̀ dáadáa, mo dá bátìrì padà. Ó sitáàtì. A fi í sílẹ̀ títí fáànù fi ń ṣiṣẹ́, mo ń mi wáyà, kò tiẹ̀ wúkọ́. Ẹ mọ ẹni tí mọ́mì kúnlẹ̀ fún? Ọ̀gá! "Ẹ ṣé o, ẹ kọ́ ọmọ yín dáadáa."

Bí mọ́mì ṣe lọ báyìí, àwọn àgbà yáàdì pé lé mi lórí. Wọ́n ní ṣé mi ò lè pe ọ̀gá sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì ni, kí n sọ ọ́ sí i létí, kó wá jáde wá "rí i" fúnra ẹ̀. Bá a ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan ní, "Dọ̀bálẹ̀, kó o bẹ ọ̀gá ẹ."

Mo ní, "Torí wáyà tó gé, àbí torí ẹ́ńjìnì tó fẹ́ tú?"

Ó parí nìyẹn.

Òkókòmáíkò ni mo wà báyìí, inú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn èèyàn á wo ẹ̀yìn mi, wọn ò ní rí yáàdì, wọ́n á wakọ̀ kọjá. Mo mọ̀ pé ẹnu mi ti yá jù. Àmọ́ ká ní ẹ̀yin lẹ di mítà yẹn mú, tẹ́ ẹ rí i pé ọkùnrin yẹn mọ̀, tó ṣì fẹ́ tú ẹ́ńjìnì ìyá ọlọ́mọ, ṣé ẹ máa dákẹ́?