Fọ́tò Màmá Mi Tí Mo Gbé Sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo kọ́kọ́ dá sílẹ̀ láyé mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lé màmá mi kúrò nílé. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́. Ojú ló ń tì mí.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ṣe búlọ́ọ̀gì báyìí. Ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ̀ ń tẹ fóònù, gbogbo ayé ń kà á. Nígbà tiwa kọ́ o! Ìparí àwọn ọdún 1990 ni mò ń sọ yìí, nígbà tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba sílẹ̀. A ò tíì gbọ́ orúkọ búlọ́ọ̀gì rí. Ẹni tó bá ní íméèlì nínú kíláàsì wa, ńṣe la máa ń wò ó bí ẹni tó ti ìlú òyìnbó dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Iléṣà. Ìperindó, abúlé wa tí kò jìnnà sí Iléṣà, ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ti kú nígbà tí mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, màmá mi nìkan ló ń tọ́ mi. Ó ń bójú tó oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀, tí ọwọ́ bá sì dilẹ̀, òun àtàwọn obìnrin mìíràn á lọ sódò lọ fọ iyanrìn láti fi wá wúrà.

Ẹ má rò pé olówó ni wá o! Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́ omi láti àárọ̀ títí ẹ̀yìn á fi máa dùn wọ́n, ohun tí wọ́n á rí lè máà kún orí èékánná. Àmọ́ nínú ẹ̀ náà ni owó iléèwé mi ti ń jáde.

Lópin ọ̀sẹ̀, mo máa ń lọ sí Òṣogbo, sọ́dọ̀ Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò màmá mi tó ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀. Nítòsí Old Garage ni ẹnì kan tí à ń pè ní Bọ̀dá Táíwò ti ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókópì. Mo máa ń bá a tẹ iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kan wà tó so mọ́ wáyà tẹlifóònù. Tó bá fẹ́ wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ han gooro bí adìyẹ tí wọ́n gbá mú, gbogbo wa á dákẹ́, à á máa wò ó bóyá yóò wọlé. Nígbà mìíràn á wọlé. Nígbà mìíràn, ìyàwó rẹ̀ á gbé tẹlifóònù sókè nínú ilé, gbogbo ẹ̀ á já!

Bọ̀dá Táíwò ló fi hàn mí pé èèyàn lè ní ojú ìwé tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀! Ara mi yá gágá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro bísíńẹ́ẹ̀sì. Kí ni mo ní tí àwọn ará òkèèrè ò ní? Odò wa ló wá sọ́kàn mi. Mo ní màá kọ nípa ìlú wa, bí a ṣe ń sá kòkó, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fọ wúrà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á kọ íméèlì sí mi, èmi á sì máa bá àwọn obìnrin abúlé wa ta ọjà wọn. Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ ara mi di máníjà kí n tó gba ìwé ẹ̀rí!

Mo kọ gbogbo ẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì tó dùn. Mo kọ orúkọ abúlé. Mo kọ ọ̀nà téèyàn máa gbà láti Iléṣà. Mo tiẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ tí odò náà wà sí oko wa. Ta ló fẹ́ kí oníbàárà ṣìnà?

Ó wá ku fọ́tò. Mo ní ọ̀kan lọ́wọ́ tí wọ́n yà lásìkò Kérésìmesì: màmá mi wà nínú odò, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó gbé igbá dání, ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Táíwò fi ẹ̀rọ gbé e wọnú kọ̀ǹpútà. Nígbà tá a ṣí ojú ìwé náà wò, díẹ̀díẹ̀ ni fọ́tò yẹn ń jáde. Gèlè rẹ̀ kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà iwájú orí, lẹ́yìn náà ẹ̀rín rẹ̀. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo ra súwíìtì fún gbogbo wọn.

Mi ò sọ fún màmá mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ibo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé ohun tí èmi fúnra mi ò tíì mọ̀ dáadáa?

Íméèlì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó wà lókè òkun kọ̀wé pé omijé bọ́ lójú òun. Mo yọ ọ́ sórí bébà, mo fi ń yangàn káàkiri họ́sítẹ̀ẹ̀lì.

Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, tí Bọ̀dá Táíwò ti bá mi yọ íméèlì tó wọlé láàárọ̀ sórí bébà sílẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní Èkó lòun wà. Ó ní òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò ti rí ojú ìwé mi, àwọn sì ń bọ̀ ní Ìperindó lọ́jọ́ Sátidé, ìyẹn lọ́jọ́ kejì. Kò béèrè bóyá àwọn lè wá. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá ní, obìnrin inú fọ́tò yẹn làwọn fẹ́ rí.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Oníbàárà dé! Mo wá tún un kà. Kí ló dé tí mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni? Obìnrin inú fọ́tò wo? Màmá mi kọ́ nìyẹn?

Bọ̀dá Táíwò gba bébà náà, ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n máa bọ̀?"

Mo ní, "Rárá o, Bọ̀dá. Mo kàn kọ ọ́ pé a ní wúrà ni."

Ó wò mí. "Kí lo rò pé àwọn tó ń wá wúrà máa ṣe? Yọ ọ́ kúrò. Jókòó síbí, yọ ọ́ kúrò báyìí."

Mo jókòó. Kọ̀ǹpútà tàn, àmọ́ ẹ̀rọ tó máa ń han gooro yẹn ò dún rárá. Bọ̀dá gbé tẹlifóònù sétí, kò gbọ́ ohùn kankan níbẹ̀. Òjò tó rọ̀ kí n tó dé ti wó òpó kan. A sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún wáyà ṣe, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo sunkún. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá ẹnì kan ló kú.

Mo sáré lọ bá Àǹtí Dúpẹ́ ní Òkè-Baálẹ̀. Mi ò tíì ṣàlàyé tán tó fi dìde. Ó ní tí mo bá tiẹ̀ yọ ọ́ lónìí, ṣé màá yọ ọ́ kúrò lọ́kàn àwọn tó ti kà á? Ó ní kí n máa lọ bá ìyá mi, kí n tó jẹun, kí n tó ṣe ohunkóhun.

Ẹ wò ó, mi ò mọ bí mo ṣe dé Iléṣà. Gbogbo ọkọ̀ jíìpù tó bá yà wá sílẹ̀ lójú ọ̀nà, màá na ọrùn wo àwọn tó wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọn nìyẹn ńkọ́? Tí wọ́n bá pinnu láti wá lónìí ńkọ́? Ní Iléṣà, a jókòó sínú ọkọ̀ Ìperindó, kò tètè kún. Ọkùnrin kan tó wọ awò dúdú wá bi dírẹ́bà bóyá Ìperindó ló ń lọ. Ó jókòó tì mí! Mo di báàgì mi mú títí a fi dé. Àṣé oògùn kòkòrò kòkó ló ń tà.

Màmá mi ń fi ẹsẹ̀ da kòkó rú lórí ẹní nígbà tí mo wọlé. Mo sọ fún un pé àwọn kan ní Èkó ti rí i, wọ́n sì ń bọ̀ wá bá a lọ́la. Ìjẹ̀ṣà pọ́nńbélé ló ń sọ, àmọ́ màá kọ ọ́ bó ṣe máa yé gbogbo yín.

"Inú kí ni wọ́n ti rí mi?"

"Inú kọ̀ǹpútà, Màámi. Fọ́tò yín ni."

"Èwo nínú fọ́tò mi?"

"Ti Kérésìmesì, èyí tí ẹ wà nínú odò."

Ó kúrò lórí kòkó. Ó wá ní, "Èyí tí mo ká ìró dé orúnkún yẹn?"

Ẹ gbà mí o! Gbogbo ẹ̀rù tí mo gbé wá láti Òṣogbo, kò dùn mí tó ìbéèrè yẹn. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n bá òun kó kòkó wọlé nítorí ojú ọ̀run ti ń ṣú.

Lẹ́yìn ìyẹn la lọ sọ́dọ̀ Lọ́jà, olórí abúlé wa. Mo ròyìn ohun gbogbo fún wọn lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo lè ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn náà pé kí wọ́n má wá mọ́. Mo ní wáyà ti já. Wọ́n mirí. Àwọn kan ní kí màmá mi gba Iléṣà lọ ní kíá. Màmá mi kọ̀. Ó ní òun ò jí ohun ẹnikẹ́ni, kí ló máa lé òun kúrò nílé ọkọ òun? Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà pé òun á wà nínú yàrá kan nílé Lọ́jà títí àwọn àlejò náà á fi lọ.

Ọkọ̀ dé lọ́sàn-án Sátidé. Ọkùnrin mẹ́ta ló sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó ṣíwájú tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ kaftáánì funfun, ó mú bébà kan lọ́wọ́. Mo dá bébà náà mọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀rín màmá mi ni, ní dúdú àti funfun.

Lọ́jà jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn àgbà yí wọn ká. Wọ́n kí àwọn àlejò, wọ́n bi wọ́n pé ta ló rán wọn wá.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ní, "Ọmọ yín ló pè wá, Bàbá. Ó kọ ọ́ síbí. A fẹ́ rí obìnrin yìí, kó mú wa dé odò."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní èmi ni mo kọ ọ́, àmọ́ mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn, ẹnikẹ́ni ò sì fún mi láṣẹ láti pe àlejò.

Ó yíjú sí mi. "Ṣé eré lo pè wá wá ṣe láti Èkó ni? Ṣé obìnrin yìí ní ìwé àṣẹ ìjọba láti máa wa wúrà? Ṣé o fẹ́ kí n mú bébà yìí lọ sí tèṣọ́n, kí wọ́n wá gbé e?" Ó ń pariwo, ó ń na ìka sí mi lójú.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Màmá mi jáde. Lọ́jà na ọwọ́ láti dá a dúró, kò wo ibẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi lò ń jágbe mọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn. Èmi lẹ ní ẹ̀ ń wá, èmi nìyí. Kí lẹ fẹ́ fi mí ṣe?"

Ọkùnrin náà wo bébà, ó wo ojú rẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti dé, ló dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ṣé ẹ̀yin lẹ pè wá?"

"Mi ò pe ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé fọ́tò yín wà níta?"

"Àná ni mo gbọ́."

Ó dìde, ó yíjú sí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ó ní, "O sọ fún mi pé wọ́n ń retí wa." Ó sì kọrí sí ìdí ọkọ̀. Àwọn yòókù ń wo ara wọn, wọ́n tẹ̀ lé e.

Màmá mi ní, "Ẹ fún mi ní fọ́tò mi."

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà na bébà sí i. "Ẹ gbà, mà. A ní òmíràn nílé."

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Wọn ò pa dà wá. Nígbà tí wọ́n tún wáyà ṣe, mo yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, fọ́tò àtọ̀rọ̀. Mo sọ fún màmá mi pé mo ti yọ ọ́. Ó bi mí pé, "Èyí tó wà nílé wọn ńkọ́?" Ó pẹ́ gan-an kó tó tún lè dá lọ sódò. Tó bá gbọ́ ìró ọkọ̀, á gbé igbá rẹ̀, á jáde kúrò nínú omi, á dúró sáàárín igi kòkó títí ìró náà á fi lọ.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì o, òun ni mo fi ń jẹun báyìí. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá tiyín sílẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ gbé fọ́tò ẹ̀ síta kí ẹ tó gbé e. Ẹ má kọ ọ̀nà ilé yín fún ẹni tí ẹ ò mọ̀. Ẹ lè yọ tiyín kúrò, ṣé ẹ lè yọ èyí tó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn?

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ohun kan tí ẹ gbé síta ti mú àlejò tí ẹ ò retí wá bá yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti màmá mi, ara rẹ̀ le, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ràn láti máa yà á ní fọ́tò. Àmọ́ kó tó rẹ́rìn-ín fún ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ bi onítọ̀hún pé, "Ibo lò ń gbé mi lọ?"