Màmá Mi Ti “Fo” Mọ́tò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá láì fi àmì sí i, ẹ̀yin lẹ kọ́ màmá mi, màmá mi sì ti kó bá mi lónìí.

Mo wà níbi iṣẹ́ ní Ìlemọ̀nà. Màmá mi, tó wá kí mi nílé ní Ọ̀fà, tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi: “Mo ti fo moto e.”

Mọ́tò kan ṣoṣo tí mo ní, oníke ni. Mọ́tò eré ìje tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wẹ́wẹ́ ló wà nínú páálí nígbà tí mo rà á, èmi ni mo fi gúlúù tò ó pọ̀.

Mo ka “fo” yẹn sí fọ́. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, mo gun ọ̀kadà wálé.

Mọ́tò wà lórí tábìlì, ó ń dán gbinrin.

“Mọ́mì, ẹ ní ẹ ti fọ́ ọ.”

“Ta ló fọ́ nǹkan? Fọ̀ ni mo kọ. Ọṣẹ àti kànrìnkàn ni mo fi fọ̀ ọ́. Gbogbo ara ẹ̀ ló kún fún ẹrẹ̀. Mi ò bí ọ̀bùn.”

Ẹrẹ̀ yẹn, pẹ́ńtì ni. Èmi ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kùn ún díẹ̀díẹ̀ sára táyà àti gbogbo ara ẹ̀, kó lè dà bíi mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán. Òun ló pẹ́ mi lọ́wọ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Sítíkà ara ẹ̀ pàápàá ti bómi lọ.

Mo ní, “Ẹ ṣé, Mọ́mì.”

Ẹ dákun, ẹ bá mi fi àmì sí i: ṣé wọ́n fọ̀ ọ́ ni, àbí wọ́n fọ́ ọ?