Awakọ̀ Tí Kì Í Kí Ènìyàn

Mo rántí pé òjò tó ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe òjò tí ènìyàn lè torí rẹ̀ jókòó sílé. Winniwinni ni, irú èyí tí í lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ bí omi ẹ̀kọ, kò dá, kò sì rọ̀ kó tán. Atẹ́gùn ń gbé òórùn bísíkíìtì tí wọ́n ń yan ní Ìkẹjà bọ̀ wá bá wa ní Agége. Mo jókòó sídìí sítíárìn ọkọ̀ olóògbé ọkọ mi, aṣọ iṣẹ́ tí mo rán kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dé òrùlé, mo wá ń bi ara mi pé arúgbó tó ti ní ọmọ ọmọ, tí kò kàwé kọjá ìwé kẹrin, kí ló gbé e dé ìdí èyí? Fíìmù ló gbé mi débẹ̀. Fíìmù àwọn olè.

Télọ̀ ni mí. Láti ìgbà tí mo ti tẹ̀lé ọkọ mi kúrò ní Èkìtì ni mo ti ń ránṣọ ní Agége, aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni mo sì gbájú mọ́. Ilé iṣẹ́ oníbísíkíìtì kan ní Ìkẹjà ni oníbàárà mi tó tóbi jù. Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, àwọn fúnra wọn ló ń fi bọ́ọ̀sì wọn kékeré gbé aṣọ lọ. Nígbà tí wọ́n kú tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í háyà awakọ̀, àwọn èèyàn iyì, èèyàn àdéhùn. Ọ̀kan nínú wọn, ìyàwó rẹ̀ bímọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin, ọjọ́ tí mo bá ní kó gbé ẹrù sì ni ìrọbí máa ń mú un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni aṣọ mi pẹ́ dé. Obìnrin tó ń gba ẹrù wọlé ní ilé iṣẹ́ náà pè mí, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú o. Bí ti ẹ̀ẹ̀kẹta bá tún pẹ́, télọ̀ mìíràn la máa gbé iṣẹ́ yìí fún.” Obìnrin mẹ́ta ló ń bá mi ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ gbogbo wa. Bó bá lọ, ẹ̀rọ mẹ́rin ló máa sùn lọ́jọ́ kan náà.

Ni ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan, awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì, bá ní àwọn máa kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà. Ojú wọn ti ń ṣú nígbà náà, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹni tí kò ríran ló ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wà. Ṣùgbọ́n etí wọn mọ ọkọ̀ ju ojú ẹlòmíràn lọ. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa la ti ń kọ́ ọ, jíà kò sì yọ mí lẹ́nu, nítorí ẹsẹ̀ tó ti tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti ọjọ́ yìí wá kì í ṣe ẹsẹ̀ òpè.

Ìṣòro mi kan ṣoṣo ni ìkíni. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, obìnrin kì í rí àgbà kí orúnkún rẹ̀ má tẹ̀. Orúnkún tèmi kò mọ̀ pé mo wà nínú ọkọ̀. Bí mo bá ti rí àgbàlagbà kan lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ á kúrò lórí sítíárìn, orúnkún á tẹ̀, ẹsẹ̀ á rì mọ́ ibi tí wọ́n ti ń tẹná, ọkọ̀ á sì fò bí ewúrẹ́ tí wọ́n da omi gbóná sí lára. Bí mo ṣe rí Ìyá Ìjọ wa lọ́jọ́ kan nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ọgbà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ “Ẹ káàárọ̀ mà,” inú òkìtì iyanrìn tí wọ́n kó jọ láti fi kọ́ ilé àlùfáà ni mo ti kí wọn tán.

“Ìyàwó,” ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní, “ta lo tún kí?”

“Ìyá Ìjọ ni, ọkọ mi.”

“Ṣé kò ṣe wọ́n?”

“Rárá o. Wọ́n ń sá lọ.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń sá, wọ́n gbọ́ kíkí náà nìyẹn.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan ni ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. “Màmá àgbà, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń wakọ̀.” Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú fíìmù náà, àwọn olè ti mú àbúrò rẹ̀ pamọ́, wọ́n ní àfi kó máa fi ọkọ̀ gbé àwọn sá lọ bí wọ́n bá ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn oníwúrà tán. Ojú télọ̀ ni mo kọ́kọ́ fi wo kóòtù rẹ̀. Ẹni tó rán an mọ iṣẹ́. Ó wakọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ra epo lẹ́ẹ̀kan. Bóyá àdúrà ni wọ́n ń rọ sínú ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Títì wọn kò ní kòtò, ewúrẹ́ kan kò sọdá. Ọkọ̀ ọlọ́pàá bíi méje lé e, kóòtù yẹn kò rún. Nígbà tó gba àbúrò rẹ̀ tán, ó pa ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tó ń dán bí ojú omi tì sí etí odò, ó fẹsẹ̀ rìn lọ. Ojú mi pọ́n. Kì í ṣe nítorí rẹ̀ o, nítorí ọkọ̀ ni. Ṣé kò sí ẹni tó ń ra àlòkù ní ìlú wọn ni?

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, fíìmù náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Bí iná títì ṣe ń ṣàn lórí ọkọ̀ náà, bí ọkùnrin yẹn ṣe ń yí jíà bí ẹni ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́, mo gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná. Ìgbà tó dé ibì kan, ó rí ìyá rẹ̀ tó dúró létí títì. Kò yíjú. Ó kọjá lọ fìì.

Mo pariwo. “Ìyá rẹ̀ nìyẹn! Kò kí i! Ọmọ burúkú!”

“Màmá àgbà, bó bá dúró, wọ́n á mú un, wọ́n á sì pa àbúrò rẹ̀.”

“Kó kàn mirí.”

“Ẹ̀yin náà kí Ìyá Ìjọ. Ṣé ẹ rántí iyanrìn?”

Mo ní kó dá fíìmù náà padà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá a padà, orúnkún ọkùnrin náà ni mo ń wò. Kò mì. Ìgbà tó páàkì tán ló tó wá ìyá rẹ̀ lọ. Mo wá rí i pé olè yẹn kò kọ ìkíni sílẹ̀, ó mọ ibi tí a ti ń ṣe é ni. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Àárọ̀ ọjọ́ òjò yẹn, awakọ̀ tí mo háyà pè mí pé ìyàwó òun ń rọbí. Mo ní kó bá mi kí i. Mo ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ ọkọ mi, wọ́n wọkọ̀, wọ́n di bẹ́líìtì, wọ́n dijú, wọ́n dẹtí. A kò tíì dé títì ńlá tí mo fi rí Ìyá Ìjọ lábẹ́ agbòjò, nínú sùtánà funfun, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Ẹsẹ̀ mi jí. Orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ ìwà rẹ̀. Mo ki eyín bọ ètè, mo tẹjú mọ́ ọ̀nà, mo kọjá. Mo tún gba inú kòtò kan, omi rẹ̀ sì ta bo sùtánà wọn.

“Ìyàwó, ta nìyẹn tó pariwo?”

“Ìyá Ìjọ ni.”

“O ò kí wọn?”

“Mi ò kí wọn.”

“Ó tán. O ti di awakọ̀.”

A débẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ibi ìgbẹ́rùwọlé. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì na ìwé sí mi. “Màmá, ẹ fi láísẹ́ǹsì yín sílẹ̀ níbí.” Mo tú àpò mi títí, mo fún un ní káàdì ẹgbẹ́ télọ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Màmá, télọ̀ ni wọ́n kọ síbí.”

“Ṣé kì í ṣe aṣọ lẹ rí lẹ́yìn ọkọ̀ ni?”

Obìnrin tó ń gba ẹrù ló jáde wá gbà mí. Ó ka aṣọ, ó pé, ó tọwọ́ bọ̀wé. Nígbà náà ló wo ìdí sítíárìn, ó wo ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí kò mọ ibi tí géètì wà, ó sì rọra sọ̀rọ̀. “Màmá, iṣẹ́ yín ṣì ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ò tún gbọdọ̀ wọlé láìsí láísẹ́ǹsì. Ẹ̀mí yín àti tiwa ni.”

Mo ṣì ń ránṣọ fún wọn títí dòní, obìnrin mẹ́ta yẹn sì ti di márùn-ún. Bí mo bá jókòó báyìí tí mo bá rántí, ara mi ni mo máa ń fi rẹ́rìn-ín. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi bú awakọ̀ olè inú fíìmù, mo ní kò ní ẹ̀kọ́, mo ní kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Àfàìmọ̀ kí ọkùnrin yẹn má ní láísẹ́ǹsì. Èmi ọmọ ìjọ, èmi olùdarí ẹgbẹ́ ìyá, èmi ni mi ò ní.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ òjò yẹn, bílẹ̀ ṣe ń mọ́, mo wọ bọ́ọ̀sì èrò lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ǹsì. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí lẹ́ẹ̀mejì, títí ó fi kàn mí. Ọmọkùnrin tó mú bírò wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Màmá, ṣé ẹ tiẹ̀ ti wakọ̀ rí?”

Mo ní, “Àná ni.”