Ṣé Ẹran Ni Pọ̀nmọ́?

Ọdún tí mo wọlé ọkọ ní Ìkòsì ni mo di ọmọ ìjọ Àgùdà. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Abẹ́òkúta, a kì í sì í gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ mi, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì Lẹ́ńtì, lẹ́yìn Ọ̀nà Àgbélébùú, a máa ń jókòó ṣínu pọ̀ nínú gbọ̀ngàn, ìyàwó ilé kan ló sì máa ń gbé ọbẹ̀ wá. Ó wá kàn mí. Bí wọn ò bá jẹ ọbẹ̀ mi, àjèjì ni màá jẹ́ láàárín wọn.

Ìyá Ìjọ, olórí àwa obìnrin, ti kìlọ̀ fún mi: "Ìyàwó, kò gbọdọ̀ sí ẹran níbẹ̀ o. Àgùdà kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì Lẹ́ńtì." Mo ní mo ti gbọ́, Mummy. Obìnrin náà kì í ṣe ẹlẹ́rìn-ín.

Mo ra ṣọkọ tútù ní Mile 12, mo ra pańla àti edé. Síbẹ̀, ọbẹ̀ náà ṣófo lójú mi. Mo bá ra pọ̀nmọ́ tó nípọn dáadáa, mo gé e sí i. Nílé wa, ẹni tó bá fi pọ̀nmọ́ jẹun, a máa ń ní kò rí ẹran jẹ ni. Kí ló wá kan ọjọ́ Ẹtì níbẹ̀?

Nígbà tí a jókòó ní gbọ̀ngàn, bí Ìyá Ìjọ ṣe ti ìgbakọ bọ ìkòkò, pọ̀nmọ́ ló kọ́kọ́ yọjú. Obìnrin kan ní, "Ẹran nìyẹn."

Mẹkáníìkì kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní, "Ẹran kẹ̀? Awọ ni. Ṣé ẹ lè jẹ bàtà yín kí ẹ ní ẹran lẹ jẹ?"

Bí ìjọ ṣe pín sí méjì nìyẹn, tí ẹ̀bà sì ń tutù. Ilẹ̀ ni mo ń wò ní tèmi.

Fada wọlé, àwọn ìjọ ro ẹjọ́ fún wọn. Fada béèrè pé, "Ara kí ni wọ́n ti ń bó pọ̀nmọ́?"

"Ara màlúù, Fada."

"Ó parí. Ẹran ni."

Ojú gbà mí tì. Mo dìde kí n lọ gbé ìkòkò mi, àmọ́ Ìyá Ìjọ di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ dákun, Fada," ni wọ́n wí. "Bó bá jẹ́ pé ẹran ni, a jẹ́ pé láti ìgbà tí mo ti di Àgùdà ni mo ti ń jẹ ẹran ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì Lẹ́ńtì. Ó wà nínú ìkòkò mi nílé báyìí."

Ẹnì kan ní òun náà ń jẹ ẹ́. Ẹlòmíì tún nawọ́. Fada rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ̀ kò dẹ́ṣẹ̀, ká ṣa pọ̀nmọ́ sọ́tọ̀ fún megàádì tí kì í gba Lẹ́ńtì, ká jẹ ìyókù. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ìyá Ìjọ fa àga wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n na abọ́ sí mi. "Tètè bù ú fún mi, ọmọ mi," ni wọ́n wí, "kí n lè sáré délé kí Daddy ilé wa tó ṣí ìkòkò pọ̀nmọ́ yẹn."