Gẹ̀ẹ́sì tí Merveille Kọ́ ní Pobè

Ní Towé, bí ọmọ bá ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi ọ̀pẹ, àwọn àgbà á ní kí wọ́n lọ bi ìyá rẹ̀ bóyá ibà ló ń ṣe é. Merveille, ọmọ Ògúntúndé tó ń ṣe epo pupa, a máa dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ, Gẹ̀ẹ́sì ló sì máa ń sọ. Sabine ìyá rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ibà. "Ìwé ló ń kà," ni yóò wí fún ẹni tó bá béèrè, á sì yí ojú padà sídìí ẹkù, kòtò tó ti ń fọ epo. Obìnrin náà kì í sọ ju ohun tó bá yẹ kó sọ lọ. Òun àti Ògúntúndé lè jí, kí wọ́n jọ ṣe epo títí oòrùn á fi wọ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn má kún ìkòkò kan.

Líséè, ilé ẹ̀kọ́ girama, wà ní Pobè, nítorí náà láàárín ọ̀sẹ̀, Merveille ń gbé yàrá kan níbẹ̀ pẹ̀lú Océane, ọmọ abúlé rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì. Ó ku ọdún kan kí wọ́n ṣe bákì, ìdánwò tó ń ṣílẹ̀kùn yunifásítì, nígbà tí Mùsíyé Basile dé láti wá kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àràárọ̀ ló ń gun alùpùpù wá láti Sakété. Àwọn olùkọ́ tó ti kọ́ wọn tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń kọ sójú pátákó, tàná, tòní, tọ̀la. Ìtàn ni Basile ń kó wá ní tirẹ̀, á ní kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ka ìtàn ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe létí òkun, tí ìyàwó rẹ̀ kì í bá a sọ̀rọ̀. Merveille nawọ́ sókè.

"Mùsíyé, kí ló dé tí ẹni tó kọ ọ́ kò jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú obìnrin náà?"

Basile gbé ẹfun tó fi ń kọ̀wé sílẹ̀. "Ìwọ sọ ọ́ fún wa."

Merveille dìde. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì tán lẹ́nu rẹ̀, ó fi Yorùbá parí rẹ̀: pé obìnrin náà kò bínú, pé ó ti sọ̀rọ̀ títí nígbà kan rí tí kò sẹ́ni tó gbọ́, pé ó ti wá mọ́ ọn lára. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ́rìn-ín. Basile kò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ohun tó sọ yìí, èmi ò rò ó débẹ̀ rí," ló wí. Merveille jókòó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìyá òun lòun ń sọ. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì lòun máa kà títí ayé òun.

Nígbà tí ọdún ìdánwò wọlé, Basile kò padà wá. Wọn kò tún gbà á síṣẹ́ mọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì ṣàlàyé ìdí fún àwọn ọmọ. Wọ́n jókòó ní wákàtí Gẹ̀ẹ́sì láìsí olùkọ́ títí ọyẹ́ fi dé. Ẹni tí wọ́n rán wá nígbẹ̀yìn ni Mùsíyé Valentin, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í pẹ́ dé rí. Ìdáhùn tó ti ṣe sílẹ̀ ló ń pè fún wọn láti kọ: bí wọ́n ṣe ń ṣí ọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń pa á dé. Océane há gbogbo rẹ̀ sórí bí orin.

Merveille kọ tirẹ̀ bó ṣe rí i. Valentin dá a padà fún un, máàkì tó fún un kò dára. Kò jágbe mọ́ ọn.

"Ohun tí o kọ yìí, òótọ́ ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n wọn ò ní bi ọ́ ní òótọ́."

Ní Sátidé, Merveille ká ìwé náà sínú àpò, ó wọ mọ́tò lọ sí Sakété láti wá Basile. Ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ló ti bá a, ó ń po sìmẹ́ǹtì. Inú Basile dùn láti rí i. Ó nu ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó sì kà á ní ìdúró. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

"Ó dára. Ó dára ju èyí tí èmi lè kọ lọ."

"Kí ni kí n ṣe sí i, Mùsíyé, kí wọ́n lè gbà á?"

"Kọ́ ti Valentin sórí."

Merveille rò pé ó ń ṣeré ni. Kò ṣeré. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa sọ ohun tí mo bá rí," ló wí.

"Mo mọ̀. Mo rò pé wọ́n á jẹ́ kí n wà pẹ̀lú yín títí ẹ ó fi parí."

"Ṣé ẹ ṣì ń kàwé?"

Basile wo ilẹ̀. "Àwọn ìwé mi wà nínú àpótí. Bí mo bá tibí délé, ara mi kì í gbà á." Ẹnìkan pè é láti ìdí yanrìn. Ó dá ìwé náà padà fún un, ó fara balẹ̀ ká a bí ẹni ń ká aṣọ. "Máa kí ìyá rẹ," ló wí, ó sì padà sídìí sìmẹ́ǹtì.

Ní ìsinmi Àjíǹde tó lò ní Towé, Sabine bi í léèrè lẹ́bàá ẹkù, ohun tí kò ṣe rí. "Kí ni wọ́n ń kọ́ yín gan-an nínú Gẹ̀ẹ́sì yẹn?"

Merveille sọ ìtàn alátùn-únṣe àwọ̀n fún un. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Obìnrin náà ńkọ́?"

"Wọn ò sọ tirẹ̀, Ìyá."

"Wọn kì í sọ ọ́," ni Sabine wí, ó sì bu omi sí ẹyìn ọ̀pẹ tó ń sè.

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Merveille tó fẹ́ sọ. Kò rí ibi tó máa gbà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè kankan.

Nígbà tí bákì dé, ó gbìyànjú láti kọ èyí tí Valentin pè fún wọn. Ó dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó fa ìlà lé e, ó tún bẹ̀rẹ̀ tara rẹ̀. Àkókò kò sì dúró dè é. Ní ti ìdánwò ẹnu, obìnrin kan tó ti rẹ̀ ló jókòó síwájú rẹ̀. Ó ní kó ka ìpínrọ̀ kan. Merveille kà á dáadáa. Ó ní kó yí gbólóhùn kan sí àná. Ó yí i.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè sọ nǹkan kan nípa ìtàn náà?"

Obìnrin náà wo àwọn ọmọ tó tò síta. "Àwọn tó kù ń dúró," ló wí. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó bínú.

Orúkọ Océane wà lára ògiri nígbà tí èsì jáde. Ti Merveille kò sí níbẹ̀. Ògúntúndé ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó délé.

"Ṣebí Gẹ̀ẹ́sì yìí lo mọ̀ jù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Òun náà ni wọn ò fún ọ ní máàkì?"

Ì bá wu Merveille kí bàbá rẹ̀ bú òun. "Ó dáa," ni ọkùnrin náà wí, ó sì lọ ko iná.

Ó tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún kejì láti ilé, láìsí olùkọ́, láìsí alábàákà. Océane ti lọ sí yunifásítì, ibi tó ti ń kọ́ ìmọ̀ òfin. Ti ẹ̀ẹ̀kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fà á lé Fabiola lọ́wọ́, aránṣọ kan ní Pobè, kó kọ́ṣẹ́.

Ibẹ̀ ló wà di òní. Ó mọ aṣọ gé, Fabiola sì ń yìn ín. Ní ọjọ́ ọjà kan láìpẹ́ yìí, oníṣòwò kan tó wá láti Nàìjíríà wọlé, Íbò ni, kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Faransé. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ohun tó fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fabiola wo àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ yíká.

"Ta ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú yín?"

Merveille tẹ orí ba, ó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó sì ń wa máṣíìnì rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ ṣàpèjúwe apá aṣọ tó fẹ́ àti bí yóò ti gùn tó, títí ó fi yé Fabiola.