Ààwẹ̀ Díákónì Akínfẹ́mi àti Bóbóló Màmá Èkámbì

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bonabéri, nílùú Douala, lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni Díákónì Akínfẹ́mi. Kò ga, kò sì sanra, ohùn rẹ̀ ló tóbi. Láàárín ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní ebúté, níbi tó ti ń fi Faransé pariwo mọ́ àwọn aṣọ́bodè. Tó bá di Sọ́ńdè, á fi Yorùbá pariwo mọ́ àwa.

Òun ló ń kọ́ kíláàsì àwọn ọkọ. Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù ni pé ọkùnrin tó bá ń jẹun ní títì ti dójú ti ìyàwó rẹ̀, èyí tó bá sì wọ ilé ìdáná ti dójú ti bàbá tó bí i. Nígbà kan, ẹnì kan bi í pé ẹsẹ Bíbélì wo nìyẹn. Ó ní kí ó lọ ka gbogbo ìwé Òwe, yóò rí i níbẹ̀. A ti kà á tán, a ò rí i.

Adéjùmọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, máa ń jókòó sẹ́yìn, á máa fi ìwé orin fẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọkọ ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀. Gaari ni oúnjẹ ilé wọn. Wọ́n máa ń se ìrẹsì ní Sọ́ńdè, wọ́n máa ń se ẹ̀wà ní Sátidé, àmọ́ gaari ni olórí ilé, Akínfẹ́mi ni igbákejì. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ayé ni ẹ̀bà gbígbóná ń dúró dè é lórí tábìlì, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè rí bó ṣe ń dé ibẹ̀.

Ní ti bóbóló, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí. Ẹ̀gẹ́ ni bóbóló náà, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ewé wé e gígùn bí apá ọmọdé, wọ́n á wá sè é. Gbogbo Douala ló ń fi jẹ ẹja yíyan. Díákónì ní òun ò lè fi rọ́bà tó ń rùn sẹ́nu. Gbogbo ọdún tó ti lò nílùú yìí, kò tọ́ ọ wò rí, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n fi oyè dá a lọ́lá nítorí rẹ̀.

Goodness, ọmọbìnrin wọn tó wà ní Ìbàdàn, wá bímọ. Ó di dandan kí Adéjùmọ̀kẹ́ lọ tọ́jú ìyá ìkókó. Ó se ọbẹ̀ kún fíríìsà, ó ra gaari sílẹ̀ ní àpò, ó wá pe ọkọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, torí ó mọ̀ pé kò ní wọlé.

"Bàbá Goodness, ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà hàn yín. Kò ju kí omi hó lọ."

"Jùmọ̀kẹ́, ṣé kí n kúkú wọ síkẹ́ẹ̀tì ni? Máa lọ jàre. Kí ló wà nínú omi gbígbóná tí mi ò mọ̀?"

"Ó dáa o," ni Adéjùmọ̀kẹ́ wí. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ.

Kò pẹ́ tó lọ ni tiransifọ́mà àdúgbò bú gbàù. Iná lọ, kò dé mọ́. Ẹ mọ irú ooru tó wà ní Douala. Nígbà tí Díákónì fi máa rántí ṣí fíríìsà, òórùn tó jáde pàdé rẹ̀ mú kó sọ ọ̀rọ̀ kan tí díákónì kì í sọ. Ó kó gbogbo ọbẹ̀ náà dànù.

Ó ku òun àti gaari. Ó da gaari sínú ìkòkò, ó bu omi tútù lé e, ó gbé e ka orí gáàsì, ó wá padà sí pálọ̀ lọ jókòó bí ọ̀gá tó ti pàṣẹ. Èéfín ló wá pè é. Ìsàlẹ̀ ti jóná, àárín ti di àtè, òkè ṣì jẹ́ gaari. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ìrẹsì kò lè le tó bẹ́ẹ̀, ó da ìrẹsì dé ọrùn ìkòkò. Ìrẹsì náà wú, ó fi orí ti ọmọrí kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí èrò tí ìsìn tán lọ́wọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rẹ gaari sómi mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí inú rẹ̀ fi ń kùn bí ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ kú.

Tí ìyàwó rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, "Ṣé ẹ ti jẹun?", á ní, "Mo yó kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́." Ojú ń tì í.

Nígbà tí Sọ́ńdè dé, Pásítọ̀ Victor wò ó látòkè délẹ̀.

"Díákónì, kí ló dé tí kóòtù yín ń mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀ lára yín báyìí? Ṣé kò sí nǹkan o?"

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti sọ òótọ́. Àmọ́ ó ti mọ́ ẹnu rẹ̀ lára láti máa dá sọ̀rọ̀ kó tó béèrè lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ó ní, "Ààwẹ̀ ni, Pásítọ̀. Mo ń gbà á fún ìjọ."

Omijé lé sójú Pásítọ̀. Ó gun orí pẹpẹ, ó ròyìn ọkùnrin tó ń fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí àwa alájẹkì tí a ti jẹ búrẹ́dì kí a tó wá. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn èèyàn tò síwájú Díákónì kó gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Bánjọ tó ń ta aṣọ ní ọjà Mboppi mú fọ́tò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jáde lórí fóònù, ó ní kó gbé ọwọ́ lé ìyẹn náà.

Níta, Sístà Ọmọ́lẹ́wà, olórí àwọn obìnrin ìjọ, ti ń dúró dè é pẹ̀lú kúlà ńlá kan. Òórùn ẹ̀wà àti dòdò ń ta sánsán láti inú kúlà náà.

"Díákónì, àwa obìnrin la se nǹkan wá fún yín, a mọ̀ pé Ìyá Goodness ò sí nílé. Ọpẹ́lọpẹ́ Pásítọ̀ tó tètè sọ̀rọ̀! A ò bá di Sátánì tó ń dẹ ẹni Ọlọ́run wò."

"Ẹ... ẹ lè gbé e sílé fún mi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ṣínu..."

"Rárá o, sà! Kí oúnjẹ máa ta sánsán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń gbààwẹ̀? A ò ní bá yín ba ààwẹ̀ yín jẹ́."

Ó gbé kúlà náà fún àwọn akọrin. Lójú rẹ̀ ni wọ́n jẹ ẹ́ tán. Èmi náà bá wọn jẹ níbẹ̀. Dòdò náà pọ́n dáadáa.

Díákónì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ní igun àdúgbò rẹ̀ ni Màmá Èkámbì, obìnrin ẹ̀yà Duala kan, ti ń yan ẹja. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti jọ jẹ́ aládùúgbò. Ìkíni "Bọ́ńjù" nìkan ni Díákónì máa ń jù sí i, á sì gbé imú sókè kọjá. Lọ́jọ́ yìí, imú náà kọ̀, kò gbé sókè.

"Pápà, kọ́m chọ́p!" ni Màmá Èkámbì kígbe sí i, pé kó wá jẹun. Ó fi Píjìn sọ fún un pé òun ti kíyè sí i pé madáàmù ò sí nílé, àti pé òjìji Pápà ti ń tín-ín-rín.

Díákónì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wọ ẹ̀yìn ọ̀rá ńlá tí ìyá náà ta nítorí òjò, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Màmá Èkámbì gbé ẹja tí ata ń ṣàn lára rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì bó ewé lára bóbóló kan. Akínfẹ́mi séèémí kó tó fi sẹ́nu. Ó le díẹ̀ lábẹ́ eyín, ó kan díẹ̀ lórí ahọ́n, ata àti òróró ẹja sì wọ inú rẹ̀ ṣinrin. Ó gbàgbé láti máa séèémí. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó wo ewé náà. Ó lá a.

Bó ṣe di oníbàárà nìyẹn. Ojoojúmọ́, tó bá ti ti ebúté sọdá afárá Wouri, á fa fìlà bo ojú, ó di ẹ̀yìn ọ̀rá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún padà. Kóòtù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu yà wá.

"Ẹ wo ààwẹ̀ tó ń mú èèyàn sanra!" ni Pásítọ̀ Victor ké. "Iṣẹ́ ìyanu lójú wa!"

Ó rán Sístà Ọmọ́lẹ́wà àti àwọn obìnrin kan pé kí wọ́n lọ bá Díákónì gbàdúrà nílé, bóyá díẹ̀ nínú òróró mímọ́ tó wà lórí rẹ̀ á kán sí wọn lára. Ọkọ̀ mi la fi lọ. Ọ̀sán gangan ọjọ́ Sátidé ni. A kan ilẹ̀kùn títí, kò sí ẹnikẹ́ni, la bá lọ béèrè lọ́wọ́ Màmá Èkámbì.

"Pápà? Òun nìyí lẹ́yìn mi níbí. Oníbàárà mi pàtàkì ni!" Tayọ̀tayọ̀ ni ìyá náà fi ká ọ̀rá sókè.

Orí ẹja wà lẹ́nu Díákónì Akínfẹ́mi, ìdajì bóbóló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó yọ orí ẹja náà jáde jẹ́jẹ́.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ni," ló wí.

Sístà Ọmọ́lẹ́wà wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ewé mélòó lẹ fi ṣínu, sà?"

Ìyá Tòkunbọ̀, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó bá wa lọ, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò èédú pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Màmá Èkámbì rò pé a wá jẹun ni, ó ń to bẹ́ǹṣì fún wa. Àwa náà ò fẹ́ já a kulẹ̀.

Ní àárín ẹ̀rín náà ni Díákónì sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a ò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ni. "Ebi ló ń pa mí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà."

Ìyá Tòkunbọ̀ dìde lórí àpò èédú. Ọkùnrin tó ti di bàbá àgbà ló ń sọ̀rọ̀ yìí, ata ẹja sì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Sístà Ọmọ́lẹ́wà nu ọwọ́. "Ẹ dìde, sà. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìdáná yín."

Wọ́n mú un dúró sídìí gáàsì, Sístà Ọmọ́lẹ́wà sì ń darí rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa. Ẹ dà á sínú abọ́. Ẹ wá máa wọ́n gaari sí i díẹ̀díẹ̀, kó máa rì. Ẹ dé e. Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

"Títí dìgbà wo?"

"Títí á fi fa omi rẹ̀ mu. Ó yá, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi agbára sí i, kì í ṣe ìwé ẹrù lẹ̀ ń buwọ́ lù!"

Òógùn bò ó. Nígbà tó parí, ẹ̀bà náà jókòó sínú abọ́, ó ń dán, kò sì ní kókó kankan. Akínfẹ́mi dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ìkókó lé lọ́wọ́.

Pásítọ̀ Victor fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú sílé, torí ó ti fi sísanra Díákónì wàásù ní ìjọ mìíràn. Àmọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Akínfẹ́mi fúnra rẹ̀ dìde, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ níwájú wa, títí dé orí ewé tó lá. Àwọn ọkọ wo ilẹ̀. Àwọn ìyàwó wo àwọn ọkọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Jùmọ̀kẹ́, ṣé apá máa ń dùn ọ́ tí o bá tẹ ẹ̀bà tán?"

"Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ilé ìdáná ló ti máa ń dùn mí, Bàbá Goodness. Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí yín níbẹ̀ sọ ọ́ fún?"

Ó bi í lọ́jọ́ wo ni yóò dé.

Nígbà tí Adéjùmọ̀kẹ́ dé, ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò ti ń dúró dè é lórí tábìlì. Ó fọwọ́, ó tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ọkọ rẹ̀ ní òun mọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó sì na ẹsẹ̀ lórí àga títí ọkọ rẹ̀ fi palẹ̀ abọ́ mọ́.

Ohùn Díákónì kò tíì kéré o. Inú ìkòkò ló ń kó o sí báyìí. Tí Adéjùmọ̀kẹ́ bá ń gé àlùbọ́sà, á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á ní ó ti nípọn jù, pé iná náà ti ga jù, pé gaari tó rà lọ́sẹ̀ yìí kò kan tó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin náà wá bá Sístà Ọmọ́lẹ́wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bi í bóyá àwọn obìnrin ìjọ ò lè bá òun kọ́ ọkọ òun ní nǹkan mìíràn, bí aṣọ rírán, tàbí ohunkóhun tí wọ́n ń ṣe ní ìta.