Kọ́bọ̀ Tí Mo Gbé Lé Apá Ẹ̀rọ Tuntun

Inú bí mi ní ọjọ́ kejì Iléyá, kò sì tíì rọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo lọ kí àwọn àna mi ní Ìjàgbò. Nígbà tí mo padà délé, igun pálọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù wa máa ń wà ti ṣófo. Ọmọbìnrin mi, tó wá bá mi ṣọdún láti Èkó, ti ní kí wọ́n gbé e lọ fún ẹnìkan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá rélùwéè, kó máa tú u lò. Ó wá gbé ẹ̀rọ tuntun kan sórí tábìlì, tó dà bí àpótí aṣọ kékeré, aláwọ̀ búlúù, tó ń tanná níwájú. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀bùn ọdún ni, pé ti àtijọ́ yẹn ti ń kó eruku ju orin lọ.

Mo fi ìka lu ara ẹ̀rọ náà. Káfíńtà ni mí, mo mọ ohùn igi. Ike ló wà níta, inú rẹ̀ sì jẹ́ ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Ìrókò ni àpótí ti àtijọ́. Èmi ni mo kàn án nígbà tí ikán jẹ èyí tó bá a wá. Ènìyàn méjì ló ń gbé e.

Àlébù kan ló ní. Apá tó di abẹ́rẹ́ mú fúyẹ́ jù, abẹ́rẹ́ a sì máa fò lórí àwo. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbé kọ́bọ̀ kan lé apá náà, ọ̀kan nínú àwọn kọ́bọ̀ àtijọ́ tí kò ra nǹkan kan mọ́. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ orin nílé wa, kọ́bọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá.

Àwo tí mo sì ń fẹ́ gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ìyàwó mi wà ní omidan, ó wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin kan tó ń kọ wákà. Àwo kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe. Ó ń gbè pẹ̀lú àwọn tó kù, àfi ibì kan ní ojú kejì tó ti dá kọ ọ́. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀wé. Òun ló fà mí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Ara pépà àárín àwo yẹn ni mo ti kọ́kọ́ ka orúkọ Ọ̀fà, ìlú wa, láìsí ẹni tó tọ́ mi. Ọdún mẹ́rin nìyí tí ìyàwó mi ti ṣaláìsí. Fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò sí níbòmíràn mọ́.

Nígbà tí ọmọ mi padà sí Èkó, mo gbé àwo náà lé ẹ̀rọ tuntun. Mo fẹ́ kó burú. Kò burú, ìyẹn gan-an tún bí mi nínú. Lórí ti àtijọ́, orin máa ń dún bí ẹni pé yàrá kejì ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ó nípọn, ó sì rọra. Lórí tuntun, ó yá díẹ̀, ohùn àwọn obìnrin náà sì tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ó mọ́ gaara. Nígbà tó kan ìyàwó mi, mo gbọ́ bó ṣe mí kó tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti ń gbọ́ àwo yẹn, n kò gbọ́ èémí yẹn rí.

Mo tún gbé abẹ́rẹ́ sí ìbẹ̀rẹ̀. Tábìlì mì bí mo ṣe fọwọ́ tì í, abẹ́rẹ́ sì fò, ó fo ibi tí ìyàwó mi ti dá kọrin kọjá. Mo ṣe ohun tí a máa ń ṣe. Mo wá kọ́bọ̀, mo gbé e lé apá náà. Ó ṣì ń fò. Mo fi èkejì kún un. Ariwo kan jáde bí ìgbà tí ìṣó ń ya pákó. Kí n tó gbé apá náà sókè, abẹ́rẹ́ ti yọ̀, ó ti ha ìlà funfun kan gba ibi tó ti ń dá kọrin kọjá.

Mo pe ọmọ mi, mo bú u. N kì í bú ọmọ. Mo ní ó gbé ìyá rẹ̀ jù síta, ó wá fi ike rọ́pò rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Dádì,” ó ní, “mo jẹ̀bi pé n kò bi yín. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gbé kọ́bọ̀ lé e.”

Mo pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ bá onírédíò náà. Alhaji ló ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì dé Mẹ́kà. Ó ti tú ẹ̀rọ náà. Mọ́tò rẹ̀ wà nílẹ̀, apá rẹ̀ wà nínú páálí, onírédíò sì jókòó lé àpótí ìrókò mi. Mo ní kó dìde. Ó dìde. Mo ní kó to gbogbo rẹ̀ padà níṣojú mi. Bó ṣe ń tò ó, ó bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì sọ. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní apá ẹ̀rọ tuntun ti wúwo tó fúnra rẹ̀, pé ohun tó ń mú abẹ́rẹ́ fò ni pé tábìlì kò dúró dáadáa.

“Alhaji, káfíńtà wo ló kan tábìlì yẹn fún yín?”

Èmi ni mo kàn án. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Mo ti mọ̀ tipẹ́, mo kàn ń sọ pé màá fi igi há a nídìí. Tábìlì oníbàárà ni mo máa ń tètè tún ṣe.

Ẹ̀rọ àtijọ́ ti padà sí igun rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń kọjá lórí ibi tó ha, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ìyàwó mi, ó ń dún kọ́, kọ́, kọ́, bí àwo ṣe ń yí. N kò lè gbọ́ èémí yẹn mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn Jímọ̀ tó kọjá, mo pe ọmọ mi. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo gbé fóònù sí iwájú ẹ̀rọ náà, a jọ gbọ́ ọ títí ó fi kan ìyá rẹ̀. Ó bi mí pé ta ló ń kan ilẹ̀kùn.

“Kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn,” mo ní. “Kọ́bọ̀ mi ni.”

Inú ṣì ń bí mi sí ọmọ mi pé ó gbé ẹ̀rọ wa jáde láìbi mí. Èyí tó ń bí mi sí ọwọ́ ara mi ló pọ̀ jù. A jẹ́ kí àwo náà kọ ọ́ dópin.